Rélùwéè Ààrẹ: Ta Gan-an Ni Wọ́n Ń Sá Fún?

Ní ìdájí ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2019, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ ewé kan tó ní ìlà yẹ́lò lára dúró ní ibùdókọ̀ Nanning, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ọkùnrin sísanra kan sọ̀ kalẹ̀, ó ṣáná sí sìgá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀. Obìnrin kan wá dúró tì í, ó gbé àwo eérú dání fún un, inú àwo yẹn sì ni ọkùnrin náà tẹ sìgá rẹ̀ pa sí. Kim Jong Un, olórí Kòríà ti Àríwá, ni ọkùnrin yẹn. Kim Yo Jong, àbúrò rẹ̀, ló gbé àwo. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan láti Jàpáàn ló fi kámẹ́rà ká wọn mọ́bẹ̀ láti òkèèrè, kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé fi rí i. Àwọn kan ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣa àjẹkù sìgá ọ̀gá lọ yẹ̀ wò ni wọ́n ṣe gbé àwo bọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ti di àṣírí ìjọba, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó fi ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, ó wọ rélùwéè.

Hanoi ló ń lọ, láti lọ pàdé Donald Trump. Ìrìn nǹkan bí 4,500 kìlómítà ni, ó sì lò ju ọjọ́ méjì àtààbọ̀ lọ kó tó sọ̀ ní Dong Dang, ní ẹnubodè Vietnam, kí mọ́tò tó wá gbé e dé ibi tó ń lọ. Bàbá rẹ̀, Kim Jong Il, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kì í fẹ́ fojú kan ọkọ̀ òfurufú. Lọ́dún 2001 ó wọ rélùwéè láti ilé rẹ̀ dé Mọ́skò, àlọ àtàbọ̀ sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Konstantin Pulikovsky, aṣojú Putin tó bá a rìn, kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà nígbà tó yá. Ó ní wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé àwọn edé ńlá inú òkun wá bá wọn lójú ọ̀nà láàyè, wáìnì ilẹ̀ Faransé náà kò sì gbẹ́yìn. Ọkọ̀ òfurufú dára fún edé, kò dára fún ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ìyàn tó pa àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ nígbà yẹn. Nígbà tí òun náà kú lóṣù Kejìlá ọdún 2011, ìjọba rẹ̀ kéde pé inú rélùwéè ló kú sí, lẹ́nu iṣẹ́ ìlú.

Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, n kò sì lè ka irú ìròyìn báyìí kí n má rántí bàbá mi. Òṣogbo ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló ń yí irin kí ọkọ̀ lè bọ́ láti ojú kan sí òmíràn. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láyé ìgbà náà, bí ọkọ̀ méjì bá máa pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kó dúró de èkejì. Bàbá mi ní bí wọ́n bá ti sọ pé kóòṣì àwọn ẹni ńlá ń bọ̀, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn yẹ ojú irin wò, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo ibi tí irin ti ń yà, wọ́n á wá kó gbogbo ọkọ̀ yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ màlúù tó ń bọ̀ láti òkè ọya á dúró sínú oòrùn, màlúù á máa ké. Àwọn ìyálọ́jà tó ń kó iṣu lọ sí Èkó á jókòó lé ẹrù wọn lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kóòṣì yẹn á wá kọjá fìrì, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Bàbá mi kì í bínú sí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ó ní wọn kì í mọ̀ pé àwọn dá ẹnikẹ́ni dúró, torí gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni ọ̀nà ti là sílẹ̀ dè wọ́n.

Ojú tí mo fi ń wo gbogbo rélùwéè ààrẹ nìyẹn, níbikíbi tó bá wà láyé. Irin tí wọ́n fi bò ó kọ́ ni ààbò rẹ̀. Mọ́tò lè já gba àdúgbò, bàlúù lè yí ọ̀nà padà lójú sánmà. Rélùwéè kò mọ̀ ju ibi tí irin bá gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níbi, ọjọ́ àti wákàtí ló kù fún un láti mọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ fi wákàtí náà pamọ́, kí wọ́n sì lé gbogbo ayé kúrò lọ́nà. Ti Kim wúwo débi pé kì í sáábà sáré ju nǹkan bí 60 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ, wọ́n sì ní ọkọ̀ mìíràn máa ń ṣáájú rẹ̀ láti yẹ ojú irin wò. Bó ti wúwo tó yẹn náà, nígbà tó wọ Vladivostok lóṣù Kẹrin ọdún 2019, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣe déédéé pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n tẹ́ dè é. Wọ́n ní láti tún ọkọ̀ sún kí baba tó lè sọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín bí mo bá ní awakọ̀ yẹn ló ń ṣe mí láàánú jù.

Ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín ni ti Ryongchon. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2004, Kim Jong Il ń ti Ṣáínà bọ̀, ó gba ibùdókọ̀ yẹn kọjá. Ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó kọjá ni ẹrù inú àwọn wágọ̀nù kan bú gbàù níbẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 150, ọmọ iléèwé sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba ní àìṣọ́ra ló fà á, pé wágọ̀nù tó kó ajílẹ̀ tó máa ń gbiná ló kan wáyà iná. Àwọn mìíràn ní olórí yẹn ni wọ́n fẹ́ pa. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀gá ti lọ, àwọn ọmọ iléèwé ló wà nílé.

Kò sí ẹni tó gbìyànjú àti sá fún ikú nínú rélùwéè tó àwọn ọba Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1879, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kórìíra ìjọba pinnu láti pa Ọba Alexander Kejì nígbà tó bá ń ti Crimea padà bọ̀. Sophia Perovskaya, ọmọ ẹni tó ti ṣe gómìnà ní St. Petersburg, àti Lev Hartmann ṣe bíi tọkọtaya, wọ́n ra ilé kan lẹ́bàá ojú irin létí Mọ́skò. Láti abẹ́ ilé yẹn ni àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbẹ́ ihò lọ sábẹ́ ojú irin, nínú omi àti ẹrẹ̀, wọ́n sì ri bọ́ǹbù mọ́bẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ni ọba máa ń lò, pé ọkọ̀ ẹrù àti ti àwọn ìránṣẹ́ ló máa ń ṣáájú, tí ti ọba á wá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù ti bàjẹ́ ní Kharkiv, wọ́n sì ti ní kí ti ọba máa lọ níwájú. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, àwọn ọ̀dọ́ yẹn jẹ́ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n wá fọ́ èkejì. Wágọ̀nù tó kó èso láti Crimea ni wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹnì kankan ò kú, èso ló di ọbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1881, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ọta ìbọn kì í wọ̀ ni ọba náà wà nínú rẹ̀ láàárín ìgboro St. Petersburg. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ kò rí i gbéṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wo àwọn tó fara pa, ìgbà náà ni èkejì pa á. Perovskaya kan náà ló ju aṣọ ìnujú sókè gẹ́gẹ́ bí àmì fún àwọn tó ju bọ́ǹbù, wọ́n sì so òun náà rọ̀ lóṣù Kẹrin ọdún yẹn. Irin tí wọ́n fi bo kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọba àti ìlú ni irin kò lè tún ṣe.

Ọmọ rẹ̀, Alexander Kẹta, kò rí bọ́ǹbù, ìgbéraga ló kó o sí wàhálà. Sergei Witte, tó jẹ́ ọ̀gá rélùwéè ní agbègbè kan níbẹ̀, ti sọ fún wọn pé eré tí ọkọ̀ ọba ń sá pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ńlá méjì ń fà. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní kì í ṣe ojú irin tòun ni ọba máa kú sí. Inú bí ọba, torí ní gbogbo ibòmíràn ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó sáré bó ṣe wù ú. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1888, lẹ́bàá Borki, ọkọ̀ náà yẹ̀ kúrò lójú irin nígbà tí ọba àti ìyàwó àtàwọn ọmọ wà nídìí oúnjẹ. Èèyàn tó lé ní 20 kú. Orí kó ọba àti ìdílé rẹ̀ yọ. Sí ògo Ọlọ́run ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ibẹ̀, Witte sì di mínísítà nígbà tó yá. Bí bàbá mi bá wà láyé, ẹ̀kọ́ tó máa fà yọ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó mọ ojú irin ló yẹ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Àfi bí ẹni pé ìdílé yẹn kò fẹ́ gbọ́. Nicholas Kejì, ọmọ-ọmọ ọba tí wọ́n ju bọ́ǹbù pa, wà nínú rélùwéè rẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 1917 nígbà tí ìlú dìde. Ilé ló ń lọ. Nígbà tó dé Malaya Vishera wọ́n sọ fún un pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ojú irin tó wà níwájú, ọkọ̀ ọba sì yí padà bí ọkọ̀ ẹrù. Lójú ọ̀nà Petrograd, ìyẹn St. Petersburg, àṣẹ àwọn aṣòfin ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń tẹ̀ lé báyìí, tẹligíráàmù sì ń lọ láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Pskov ló bá ara rẹ̀, nínú kóòṣì yẹn gan-an ló sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ṣe ọba mọ́. Kò sí ẹni tó yìnbọn sí ọkọ̀ náà. Kò ṣáà ríbi gbà.

Ti Zhang Zuolin, alágbára Manchuria, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mọ wákàtí rẹ̀. Àwọn ọ̀gá sójà Jàpáàn kan ri bọ́ǹbù mọ́ afárá tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gba abẹ́ rẹ̀ ní Huanggutun, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1928, ọgbẹ́ rẹ̀ ló sì pa á.

Ẹni kan lè sọ pé mo kórìíra irin. Rárá o. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn nígbà ogun, kóòṣì kan tí wọ́n ń pè ní Ferdinand Magellan. Lọ́dún 1942 ni wọ́n gbé e fún Ààrẹ Roosevelt. Irin ni wọ́n fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, irin ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ àti òkè, gíláàsì fèrèsé nípọn tó ìǹṣì mẹ́ta, ihò méjì sì wà tí ààrẹ lè gbà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ̀n tó 285,000 pọ́n-ùn. Roosevelt kò fẹ́ kó sáré, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ kò jẹ́ kó lè di ara rẹ̀ mú bí ọkọ̀ bá ń mì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Truman, tó jẹ ààrẹ lẹ́yìn rẹ̀, fi kóòṣì yìí kan náà ṣe lọ́dún 1948. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi ìdúró kan wà bíi fàráńdà. Bí ọkọ̀ bá ti dé ìlú kékeré kan, á jáde síbẹ̀, á bá àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, á pe ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde kí wọ́n kí ìlú, ọkọ̀ á tún gbéra. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló ti sọ pé ó máa fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Lórí fàráńdà yẹn, ní St. Louis, ló dúró sí lóṣù Kọkànlá nígbà tó gbé ìwé ìròyìn tó parọ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ sókè, tó ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì náà wà ní ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ ní Miami dòní, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Florida lè lọ wò ó. Inú irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yẹn wá ọ̀nà láti jáde bá èèyàn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ukraine. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti ya wọ ibẹ̀, ọkọ̀ òfurufú èrò kò bà níbẹ̀ mọ́. Rélùwéè ló kù. Àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn arúgbó, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, gbogbo wọn lórí ojú irin kan náà. Orí ojú irin yẹn náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ń gbà wọlé láti Pólàǹdì. Macron ti Faransé, Scholz ti Jámánì àti Draghi ti Ítálì jọ wọ̀ ọ́ lóṣù Kẹfà ọdún 2022. Modi ti Íńdíà wọ̀ ọ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ti Joe Biden, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló dùn ún gbọ́ jù. Ó jí kúrò ní Amẹ́ríkà lóru, oníròyìn méjì péré ló bá a lọ, wọ́n sì gba fóònù ọwọ́ wọn. Ọkọ̀ òfurufú gbé e dé Pólàǹdì, mọ́tò gbé e dé Przemyśl, rélùwéè wá gbé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, ó sì sọ̀ ní Kyiv ní àárọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2023. Kì í ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè Ukraine ló wà á, àwọn tó ń gbé ará ìlú lójoojúmọ́.

Ìwà tí ọ̀gá rélùwéè wọn nígbà náà, Alexander Kamyshin, hù lẹ́yìn ìrìn-àjò yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ó jáde, ó bẹ àwọn èrò. Ó ní nítorí ọkọ̀ ààrẹ Amẹ́ríkà, àwọn dá àwọn ọkọ̀ kan dúró, pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dé lásìkò lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn tó pẹ́ má bínú. Ẹ tún un kà. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù lù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ààrẹ tó lágbára jù láyé wọlé láìsí ìfarapa, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá kan tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí bàbá mi fi kó ọkọ̀ màlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ fún mi rí pé ẹnikẹ́ni bẹ ìyálọ́jà.

Ká má ṣe bí ẹni pé ayé dára tán níbẹ̀ o. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Kramatorsk láti sá fún ogun, mísáìlì balẹ̀ sáàárín wọn, ó pa èèyàn tó lé ní 50. Rọ́ṣíà ti gbọ́ kí Biden tó gbéra, torí Amẹ́ríkà ta wọ́n lólobó. Kò sí ẹni tó ta ẹnikẹ́ni lólobó nítorí àwọn ará Kramatorsk.

Ìyàtọ̀ yẹn ni mo ń bá jà, torí ó wà nílé wa. Nígbà tí ọ̀nà Abuja sí Kàdúná di ilé àwọn ajínigbé, àwọn ẹni ńlá wa sá wọ rélùwéè, àwọn tálákà tó rówó tíkẹ́ẹ̀tì náà sá tẹ̀ lé wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn ajínigbé fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ rélùwéè náà dúró, wọ́n yìnbọn fún èèyàn, wọ́n pa ó kéré tán mẹ́jọ, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60 wọ igbó. Oṣù Kẹwàá kí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn tó jáde. Oṣù Kejìlá kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sí ààrẹ tí ìrìn rẹ̀ bàjẹ́, kò sí gómìnà tó pẹ́ dé ìpàdé. Bàlúù wà. Hẹlikọ́pítà wà. Síréénì wà tó ń lé àwa yòókù sínú gọ́tà ní ìgboro.

Ẹni tó bá ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pa ààrẹ ni, kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Olórí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Mo gbà. Ó lè wọ irin tó nípọn ju ti Roosevelt lọ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tí olórí ń gbà bá ti yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà tí ìlú ń gbà, kò sí ohun tó máa mú un tún tìlú ṣe. Rélùwéè Kim kò ṣe ojú irin Kòríà lóore kankan. Wọ́n ní kódà ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń wọ rélùwéè láti ayé Victoria, máa jáwọ́ nínú tiwọn tó bá fi máa di ọdún 2027, nítorí owó. Wọ́n ná ju £44,000 lọ lórí ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ méjì kan ṣoṣo lóṣù Kejì ọdún 2025. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n á máa lò. Wọ́n tún jìnnà sí ilẹ̀ sí i.

Àwa ní ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lóṣù Kẹfà ọdún 2021. Ojú méjì ni, kò sí pé ọ̀kan ń dúró de èkejì bíi ti ayé bàbá mi. Ó gba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ kọjá. Kí gómìnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìrìnnà máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ ìṣílé tí oníròyìn pọ̀, bí kò ṣe ọjọ́ Ajé lásán. Kí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ wọn dání. Kí wọ́n jókòó síbi tí iná bá lọ, tí ilé ìyàgbẹ́ kò bá lómi, kí wọ́n bá wa mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n wo igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kí wọ́n ro ohun tó lè jáde níbẹ̀. Kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn ní ibùdókọ̀ Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, kí ẹ̀ṣọ́ náà ra tirẹ̀, kí ọkọ̀ sì gbéra ní wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ pé Ọ̀gá ti dé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ṣì ń bọ̀ lọ́nà.